Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Sọ Lórúkọ

Lóru àná ni mo lá àlá kan, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo sì ti lá a gan-an ni n ó ṣe rò ó fún yín. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bù kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n parí gbólóhùn mi.

Mo rí ara mi nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, níbi tí mo ti ń jókòó lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀: ọ́fíìsì náà kò sí lórí ilẹ̀ mọ́. Ó ti gbéra, ó ń léfòó lókè igi máńgòrò, okùn tí a fi ń sá aṣọ ni wọ́n sì fi so ó mọ́ igi náà kí ó má baà lọ jìnnà. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, nítorí atẹ́gùn ń tú ìwé mi ká.

Abilékọ Ayọ̀wùmí, akọ̀wé wa, jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Tòkunbọ̀ ni, ó di ọdún mọ́kànlá tí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun ti fi ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síta bí ẹ̀yìn ẹni tí ó pọn ọmọ. Inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì tí yóò ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama wà. Abilékọ Ayọ̀wùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wọ́n tán ni, kò tíì fi wọ́n pamọ́. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, aṣojú àjọ ìdánwò yóò dé láti gba orúkọ. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá dé ọwọ́ aṣojú náà, àfi kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀.

"Ọ̀gá, kò lọ mọ́ o," ni Abilékọ Ayọ̀wùmí wí. "Wíńdò ojú kọ̀ǹpútà yìí ti dúró."

"Ó dúró báwo?"

"Bí òkè, sà. Mo ní kó sún, kò sún. Mo ní kó padé, kò padé. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Lóòótọ́, wíńdò funfun kan ti bo orúkọ àwọn ọmọ náà, ó sì dúró gbagidi bí màlúù tí ó sùn sí ojú títì. Mo gbé etí lé dígí náà. Ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ń kànkùn láti inú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa, sà! Èmi ni Ìbíwùmí, nọ́ńbà kẹtàlá. Ooru ń mú wa níbí!"

Mo mọ̀ pé orúkọ ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ, nítorí pé àwọn ọmọ wà ní kíláàsì wọn nísàlẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ìsọdipúpọ̀ onímẹ́fà.

"Ẹ má pariwo," ni mo wí. "Kí olúkúlùkù dúró lórí ìlà rẹ̀."

"A ti tò, sà! Adéọtí, nọ́ńbà kẹrìnlá, ló ń tì mí!"

"Irọ́ ni, sà! Òun ló na ẹsẹ̀ sílẹ̀!"

Abilékọ Ayọ̀wùmí ní ọgbọ́n kan wà tí àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń dá: kí a tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó na ìka mẹ́ta. Kí ó tó tẹ̀ wọ́n, bọ́tìnnì tí ń jẹ́ Kọntíróòlù wúkọ́.

"Ìyàwó, ṣé èmi lo fẹ́ tẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọdé yìí? Èmi làgbà níbí. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀."

"Àgbà wo?" ni bọ́tìnnì tí ń jẹ́ Dìlíìtì fèsì láti òkè lọ́hùn-ún. "Àgbà tí kò lè dá nǹkan kan ṣe, àfi kí ẹlòmíràn bá a gbé e!"

"Gbọ́ ẹnu ẹ! Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ dé ibí, ta ló fi ibi ìjókòó hàn ẹ́?"

Áátì, bọ́tìnnì kẹta, tí ó wà láàárín wọn, ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá a lóhùn. Dìlíìtì, ìwọ náà, dákẹ́, ọ̀gá ń wò wá."

Mo bá wọn parí ìjà. Mo ní kí Dìlíìtì dọ̀bálẹ̀ fún Kọntíróòlù, ó sì dọ̀bálẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ìyàtọ̀, nítorí pẹlẹbẹ ni ó wà láti ilẹ̀. Abilékọ Ayọ̀wùmí tẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́. Wíńdò náà kò mira.

"Ó ku ọ̀nà kan, sà," ni ó wí. "Ká pa á, ká tún tàn án."

Orúkọ mẹ́tàlélógójì figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má pa á o! Tí ẹ bá pa á, a bá a lọ!"

Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lanu.

"Ẹ pa mí," ni ó wí. "Ṣé òní lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa mí ni? Láàárọ̀ ẹ tàn mí, nírọ̀lẹ́ ẹ pa mí. Iná lọ, mo kú. Iná dé, mo jí. Ọdún mọ́kànlá rèé. Kí ni wọ́n ń pe ọmọ tó ń kú, tó ń padà wá?"

"Àbíkú," ni Abilékọ Ayọ̀wùmí wí jẹ́jẹ́, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ wá mọ̀ ọ́n! Ọdọọdún lẹ ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí mi lójú. Èmi ńkọ́? 'Èyí.' 'Ìyẹn.' 'Nǹkan yìí ti tún bẹ̀rẹ̀.' Ẹ ní tòkunbọ̀ ni mí. Fíríìjì ń jẹ́ tòkunbọ̀, bàtà ń jẹ́ tòkunbọ̀. Ṣé orúkọ tèmi nìyẹn? Ẹ ò sọ mí lórúkọ, n ò ní jẹ́ kí orúkọ kankan jáde."

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ojú sì tì mí. Ọmọ tí ó yẹ kí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ọ́fíìsì mi.

"Abilékọ Ayọ̀wùmí," ni mo wí, "a ó sọ ọmọ yìí lórúkọ nísinsìnyí."

"Sà, agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá!"

"Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní pe èrò púpọ̀."

Ó gba orí okùn sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé omi, oyin, orógbó àti iyọ̀ dé. Bí ó ti gbé iyọ̀ kalẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Fárinkẹ́, aṣojú àjọ ìdánwò, wọlé. Orí afẹ́fẹ́ ni ó gbà wá, kóòtù rẹ̀ kò sì rún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ dà?"

"Wọ́n ń bọ̀. Ẹ jókòó, a ń sọmọ lórúkọ."

"Ìyẹn ò kàn mí. Tí agogo bá ti lù, mo ti lọ nù un. N ò sì ní..." Kò parí ọ̀rọ̀. Ó ti rí iyọ̀. Imú rẹ̀ ń mì. Irùngbọ̀n yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó sì di òbúkọ, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn. "Mè-è-è. Iyọ̀ wo nìyẹn?"

Mo ti ń bá òṣìṣẹ́ àjọ pàdé fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà n kò rí i bí ohun àjèjì. Mo ní kí ó fọwọ́ sí ìwé àlejò. Ó fi pátákò sí i.

Mo bu omi. "Sà! Wọ́n ní omi ò gbọ́dọ̀ kàn án!" ni Abilékọ Ayọ̀wùmí ké.

"Ta ni ó sọmọ lórúkọ rí láìlo omi?" Mo kán an sí i níwájú orí. Èéfín rú díẹ̀, ó sì sín. Mo fi oyin kàn án, ọwọ́ akọ̀wé wa sì lẹ̀ mọ́ Áátì. Mo fi iyọ̀ kàn án, òbúkọ sì mí kanlẹ̀.

"Ó yá, kí ni a ó pè é?"

"Málọmọ́," ni Abilékọ Ayọ̀wùmí wí.

"Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn," ni kọ̀ǹpútà wí. "N ò fẹ́."

"Dúrójayé!" ni àwọn orúkọ kígbe láti inú.

"Ẹ pè é ní Kásìmáawòó," ni òbúkọ wí, "kí n lè rí iyọ̀ mi lá."

"Òbúkọ, bàbá ẹ ni wọ́n á máa wò!" ni kọ̀ǹpútà dá a lóhùn.

Agogo ti bẹ̀rẹ̀ sí lù. Mo tẹ̀ síwájú. "Kòkúmọ́," ni mo wí.

Kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ tún un pè."

"Kòkúmọ́."

"Ẹ tún un pè, sà."

"Kòkúmọ́!"

Ó sunkún bí ọmọ tuntun, wíńdò náà sì yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọ̀ọ̀. Àwọn orúkọ tú jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n kí mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn lọ sórí bébà níkọ̀ọ̀kan. Òbúkọ fi ẹnu gbé bébà náà, ó sì fẹ́ jẹ ẹ́. Mo fi rúlà kan ìwo rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Fárinkẹ́, kíkà ni a ń ka ìwé."

Ó gbé e kalẹ̀, ó kà á. "Mẹ́rìnlélógójì."

"Mẹ́tàlélógójì ni."

"Mo ní mẹ́rìnlélógójì. N ò ṣi nǹkan kà rí, kódà nígbà tí mo jẹ́ ènìyàn."

Mo wò ó. Nísàlẹ̀ pátápátá ni a kọ ọ́ sí: Kòkúmọ́.

"Ìwọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò?" ni mo bi í.

"Ẹni tó bá lórúkọ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀, sà. Mo ti lórúkọ."

Bí mo ti fẹ́ fèsì ni omi tútù kán sí mi níwájú orí. Mo la ojú. Ìyàwó mi dúró tì mí pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ilẹ̀ sì ti mọ́.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́! Mo pè yín títí, ẹ ò dáhùn. Mo tì yín, ẹ ò sún. Ẹ kàn dúró gbagidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kán omi sí yín kí ẹ tó mira."

Mo nu ojú mi. Òní ni àjọ ìdánwò ń bọ̀ lóòótọ́, n kò sì ní fi iṣẹ́ àwọn ọmọ náà lé iná mànàmáná àti ẹ̀rọ àgbàlagbà lọ́wọ́. Kí n tó wẹ̀, mo mú gègé, mo fi ọwọ́ kọ orúkọ wọn sórí bébà láìwo ìwé, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi kà á bí mo ti ń wọ bàtà.

"Mẹ́rìnlélógójì," ni ó wí.

"Mẹ́tàlélógójì ni, Ìyá Morẹ́nikẹ́."

"Ẹ wá kà á fúnra yín. Ta ní ń jẹ́ Kòkúmọ́? Gbogbo ọmọ ilé-ìwé yín ni mo mọ̀, n ò gbọ́ ti èyí rí."

Mo gba bébà náà. Mo ṣí gègé láti fa ìlà sí orúkọ náà nínú, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé e, mo sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo dé gègé mi padà.

"Ọmọ ọ́fíìsì mi ni," ni mo wí, mo ká bébà náà sí àpò, mo sì jáde lọ sí ibi iṣẹ́.