Tánkì Tó Ń Tètè Kún

Omi pupa kan ló kọ́kọ́ kó mi nírìíra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹnu ìbọn tí mo fi ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò ló ti jáde. Mo ti kun bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, ó ń dán bíi dígí, àfi pọ̀ọ̀! Ó tutọ́ sí i. Mo fi ìka kàn án, ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n bì. Òórùn eku tó kú sínú epo mọ́tò ni.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín tó ń fún ìbọn láfẹ́fẹ́ ti ń su o!"

Ọ̀gá yọjú láti ọ́fíìsì, bùrẹ́dì lẹ́nu, ó ń họ ikùn. "Ẹnu ẹ yìí ló máa pa ẹ́. Ẹ̀rọ tó dáa jù ládùúgbò yìí nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń dúró títí kí afẹ́fẹ́ tó kún tánkì rẹ̀. Ní báyìí ńkọ́? Kéèyàn tó sín, ó ti kún! Ẹ̀rọ àwọn kan ń darúgbó, tèmi ń padà dọ̀dọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́rìn-ín. Orí àpótí ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì ẹ̀rọ náà, ó ń fi sáńpépà họ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bí Ọ̀gá bá ní òjò ń bọ̀ lójú ọ̀run tó mọ́ kedere, ẹ̀gbọ́n mi á sáré lọ ká aṣọ. Ibẹ̀ ló ń jókòó lójoojúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, nínú oòrùn gbangba. Ọ̀gá ló ní ká gbé tánkì kúrò lábẹ́ páànù, pé ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kóun sùn lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ó ń tètè kún yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rọ kan náà, tánkì kan náà, kí ló sọ ọ́ di eléré ìje? Ó sì tún ń tètè tán: èèyàn ò ní tíì kun ilẹ̀kùn kan tán tí ìbọn á ti máa mí gúlegúle. Mo mú sípánà, mo ń fi lu ara tánkì láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, ó ń dún gan-gan-gan. Nígbà tí mo dé àárín, ó di kù, kù, kù, bí ikùn ẹni tó yó.

Omi ni! Ìdajì tánkì! Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún pọ̀ máa ń sun omi sílẹ̀ bó bá tutù, ojoojúmọ́ ló sì yẹ kéèyàn máa tú u dànù. Ta ló tú u rí?

Mo wo òkè, ni mo bá rí èyí tó burú jù. Fáàfù kékeré tó yẹ kó máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó bá pọ̀ jù, wọ́n ti fi wáyà dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ṣingọ́ọ̀mù dí ẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti jẹ! Àpá eyín ṣì wà lára rẹ̀, eṣinṣin méjì ti kú mọ́ ọn.

"Ta ló jẹ nǹkan yìí?"

"Èmi ni," Ọ̀gá ní, kò tilẹ̀ tijú. "Bí mo bá ń fi fóònù sọ̀rọ̀, á máa súfèé sí mi létí."

Mo pa ẹ̀rọ.

"Ta ló ní kó o pa á? Agogo méjì ni onímọ́tò ń bọ̀!"

"Ẹ gbọ́, Ọ̀gá. Ẹ kó ogún èèyàn sínú yàrá, kẹ́ ẹ wá ti ògiri wọlé dé ìdajì. Ṣé wọn ò ní máa forí gbárí? Omi yẹn ni ògiri. Tánkì yín ò yára, àyè ló há mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ tún gbé e sóòrùn. Lánàá tí a ò tan ẹ̀rọ rárá, ọgọ́rùn-ún ni gééjì tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ wà láàárọ̀. Ní ọ̀sán, ó ti di àádọ́fà. Ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i? Ooru ni! Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà jáde, ẹ wá fi itọ́ ẹnu yín tì í. Ọjọ́ tí wọ́n bá fipá wá ọ̀nà míì, tánkì máa bú gbàù!"

"Ìwọ tó o gba ojú fèrèsé wo ilé ìwé!"

"Ẹni tó wọlé ló fi ṣingọ́ọ̀mù dí fáàfù."

Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Jọ̀ọ́, bá mi tan ẹ̀rọ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ti na ọwọ́ sí súwíìṣì. "Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n lé wa níbí. Ọ̀gá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

"Ó dáa, Àǹtí mi. Ọ̀gá, ẹ wá jókòó sórí àpótí yìí. Ẹ kẹ̀yìn sí i bí Àǹtí mi ṣe ń kẹ̀yìn sí i. Kí wọ́n wá tan án."

Ọ̀gá wo àpótí. Ó wo tánkì. Ó gbé bùrẹ́dì mì. "Mo níṣẹ́ nínú ọ́fíìsì," ló wí, ó sì fi ẹsẹ̀ méjì rìn sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ẹsẹ̀ méjì yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára súwíìṣì.

"Ẹ mọ̀?"

"Mọ kí ni? Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe lọ́dún tó kọjá ní kí n má dí fáàfù, ṣùgbọ́n ṣé ó ti ṣe nǹkan kan?"

"Ọdún kan, Ọ̀gá! Ẹ̀yìn mi ló wà níbẹ̀ fún odidi ọdún kan!"

Ẹ̀gbọ́n mi fa wáyà iná yọ. Mo tẹ ìbọn, a sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa tú díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ìbọn fi tutù bíi yìnyín mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yọ nọ́ọ̀tì ìdí tánkì. Yéè! Ohun tó dà jáde kì í ṣe omi lásán. Ó nípọn, ó pupa, ó ń fà bí ikun imú, ó ń rùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún, kò tíì tán.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì náà síwájú. "Ọ̀gá, ẹ wá gbé e dànù."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Nígbà tó rí i pé àwa méjèèjì ò mira, ó bẹ̀rẹ̀, ó dijú, ó fi apá kan bo imú, ó sì gbé e. Ó ń ta sí i lára bó ṣe ń lọ.