Bí Pabitra Ṣe Mú Ìyá Lalmaya Dìde

Ọdún tí à ń parí ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n kó wa lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn orí òkè kan ní Lamjung. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni bí a ṣe ń fi ìdárayá dá agbára padà sí ara aláìsàn. Ìyá Lalmaya ni wọ́n fún Pabitra, ọ̀rẹ́ mi. Ìyá yìí ló gun igi láti já ewé fún ẹfọ̀n tó ń sìn nílé, ló bá já bọ́, egungun itan rẹ̀ sì dá. Dókítà ti fi irin tò ó, egungun ti so, wọ́n ní kó máa fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ìyá kọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e dìde báyìí, jìnnìjìnnì á bò ó, á di bẹ́ẹ̀dì mú pinpin.

Pabitra bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti já bọ́ lórí igi rí?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa. Jẹ́ n sùn."

Ọ̀gá Tulasa tó ń tọ́ wa sọ́nà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó sọ lójú gbogbo wa pé bí Ìyá kò bá dìde láìpẹ́, òun á gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Pabitra kò lè jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Nígbà tó padà lọ, kò dárúkọ ìdárayá mọ́. Ilé ló béèrè. Ìyá bá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹfọ̀n òun, Kaali, ti bímọ, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fún wàrà rẹ̀. Ó ti ta ìyàwó ọmọ òun nípàá.

"Ọmú rẹ̀ á ti wú," ni Ìyá wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Pabitra jáde. Ó rọ omi sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fi abẹ́rẹ́ lu àwọn ìka ìbọ̀wọ́ náà, ó so ó rọ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ àti àpótí ìjókòó síwájú.

Ìyá wò ó, ẹ̀rín pa á. "Ẹfọ̀n wo ló ní ọmú márùn-ún?"

"Ẹ wá fún un wò, Ìyá."

Ìyá dìde, ó di Pabitra mú, ó rọra rìn débẹ̀, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Tulasa bá wọn níbẹ̀. "Ṣé ilé ìwòsàn rèé àbí ilé ẹran?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Ìyá ń dìde lórí àpótí fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Ọ̀gá wo àpótí náà, ó wo ẹsẹ̀ Ìyá.

"Ẹ wá àpótí tó kúrú ju èyí lọ fún wọn, kí ẹsẹ̀ náà lè túbọ̀ lágbára," ló wí.

Lọ́jọ́ tí Ìyá ń lọ sílé, gbogbo wa sìn ín. Àwọn ará abúlé ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹran. Ìyá fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ Kaali, ó gbé ọ̀pá fún Pabitra, ó jókòó, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ẹran náà. Kaali kò mira. Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú garawa.

Ìdìde ló kù. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fẹ́ sáré gbá a mú, Ọ̀gá Tulasa fà á sẹ́yìn. Ìyá tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó nàró, garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ró.

Ìyá fi tíkà pupa, àmì ìbùkún, sí iwájú orí Pabitra, ó yí i sí àwọn èèyàn.

"Ọmọ mi obìnrin rèé. Ẹ wò ó dáadáa."

Orin la kọ sọ̀kalẹ̀ láti abúlé náà, Ọ̀gá Tulasa ló sì ń lé e fún wa.