Ìdí Ìbọn Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Bae

"Ẹ dúró! Ẹ dúró jàre!" Dírẹ́tọ̀ Ma ju fìlà ẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Seungpyo! Ìwọ ṣọ́jà Àríwá Kòríà, o fi ìdí ìbọn gbá ọ̀tá, o wá tẹríba fún un?"

Gbogbo èèyàn inú kòtò ogun bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn òkú.

Seungpyo ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun tẹríba. Bae Gilyong tí wọ́n ní kó pa nínú fíìmù yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ ìjà eré. Ọwọ́ ẹ̀ kàn kọ̀ láti gbá a le ni.

"Ogun là ń yà, kì í ṣe ọdún là ń kí!" Dírẹ́tọ̀ tún pariwo. "Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Tó o bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ilé yá!"

Ọ̀gá Bae fà á létí. "Gbá mi dáadáa, òpònú."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣé torí tèmi ni wọ́n á ṣe lé ẹ? Gbá mi!"

Bọ́ǹbù dún gbòà. Iyẹ̀pẹ̀ ń fò. Seungpyo bẹ́ sínú kòtò, ó gún ọ̀kan níkùn, ó tẹ ìkejì lọ́rùn mọ́ ẹrẹ̀, ó wá yí ìbọn onígi yẹn po, gbà! Eyín Ọ̀gá Bae méjì fò dànù. Ẹ̀jẹ̀ gidi! Bàbá yẹn ṣubú, kò ké, kò mira, torí Dírẹ́tọ̀ ò tíì ní kí wọ́n dúró.

"Ìyẹn gan-an nìyẹn!" ni Dírẹ́tọ̀ ń pariwo.

Èèyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá ló lọ wo fíìmù yẹn. Mílíọ̀nù mẹ́wàá o! Wọ́n bá kó àwọn òṣèré lọ kí èrò ní sinimá kan ní Busan. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Bae tó fọ́ lọ́jọ́ yẹn ò tíì jinná dáadáa, ìrẹsì tí wọ́n sè tó rọ̀ bí ògì nìkan ló ń mu.

Olóòtú ètò gbé ìbọn rọ́bà lé Seungpyo lọ́wọ́, ó bi èrò pé, "Ṣé kó tún gbá a?"

"Gbá a! Gbá a!" Èrò ti gbé fóònù sókè.

Dírẹ́tọ̀ Ma rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo máa ṣe olórí òṣèré nínú apá kejì fíìmù yìí. Má bà á jẹ́."

Ọ̀gá Bae ti na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. "Ṣe kíá. Wọ́n ń retí ẹ."

Seungpyo gbé ìbọn yẹn fún Dírẹ́tọ̀. "Ẹ gbá a fúnra yín, sà. Mi ò ṣe apá kejì."

Ó di ọ̀gá ẹ̀ lápá mú, wọ́n rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Èrò ṣì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni.