Igbó tí Wọ́n Fi Màrìwò Dí

Ẹja ni èmi Sàúdátù ń pa, n kì í ṣe ọdẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Apẹja tiwa, ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni àwa apẹja máa ń jókòó sí, nítorí àwọn ọdẹ ní òórùn ẹja ń da àwọn láàmú. Àwọn tó ń gbé òkú ọ̀yà wọ bọ́ọ̀sì wá sípàdé ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Harold ni olórí wa. Píríńsípà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọdẹ sì ni láti kékeré. Olúọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, ó rí àgbọ̀nrín kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú igbó Aláfárá, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fojú kan àgbọ̀nrín níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa nípàdé, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní tí a bá jẹ́ kí èyí náà lọ, eku ilé ni àwọn ọmọ wa yóò máa dọdẹ. Gbogbo wa fọwọ́ sí i pé ká ti igbó náà pa títí àgbọ̀nrín yóò fi bí sí i.

Bí a ó ṣe tì í ló di wàhálà. Wọ́n ti gbé bọ́ọ̀dù síbẹ̀ rí, ẹnìkan yọ ọ́, ó fi bo ilé ewúrẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti fẹnu lásán tì í rí: èyí ní òun gbàgbé àdá síbẹ̀, tọ̀hún ní òun fẹ́ já ewé, gbogbo wọn sì ń jáde pẹ̀lú àpò tó wúwo. Nítorí náà Olúọdẹ ní màrìwò la ó so dí ojú ọ̀nà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, ẹni tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá á bẹ̀rù màrìwò. Ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, ẹgbẹ́ á gba ìbọn rẹ̀, wọn á sì lé e.

Wàhábì, ọdẹ kan láti Ìbẹ̀fún, dìde.

"Olúọdẹ, ẹ dákun. Mo ní tàkúté nínú igbó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ tú wọn kí ẹ tó so màrìwò."

Ẹnu ya gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá ọdẹ gbé rí lè má mọ ìdí rẹ̀. Ọdẹ kì í fi ojú tàkúté rẹ̀ han ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè yá ọ ní ọ̀kadà, ó lè fún ọ ní ọmọ rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó dẹ tàkúté sí, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Wàhábì nìkan ló lanu sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń wo àjà.

"Ta ló tún ní tàkúté níbẹ̀?" Olúọdẹ bi wọ́n.

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

"O rí i? Ìwọ nìkan. Tí mo bá jẹ́ kí o wọlé, lọ́la ẹlòmíràn á ní òun gbàgbé fìlà. Òfin kì í mojú ẹnìkan, Wàhábì."

"Wallahi, Olúọdẹ, tàkúté ò mọ̀ pé a ti ti igbó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Àwa apẹja, kí á tó ti odò, a máa ń kó àwọ̀n àti ìgèrè kúrò nínú omi ná. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan sì ní kí n lọ yan ẹja mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n so màrìwò.

Nígbà tó yá, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú igbó wá bá mi létí odò. Òórùn ẹran kíkú ni. Mo pe Olúọdẹ, ó wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbóòórùn náà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Wàhábì tún bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ wọlé lọ tú ohun tó wà níbẹ̀. Olúọdẹ ní òun yóò gbé e síwájú ìpàdé tó ń bọ̀. Ojú ń tì í láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níṣojú àwọn tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi fọwọ́ sí òfin náà. Mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, Olúọdẹ sọ fún ìyàwó rẹ̀, Edith, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Edith, pé òun ń bọ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń gba iná. Kò padà wálé.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ọ̀nà wa ti dà. Ohun tó wá sọ́kàn gbogbo ayé ni ajínigbé. Ọmọ wọn, Ayọ̀fẹ́, sáré wá láti Èkó, gbogbo ẹbí jókòó yí fóònù ká, wọ́n ń dúró kí àwọn ajínigbé pè. Àwọn ọdẹ tú ká, wọ́n wá a dé Ayépé, wọ́n wo ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n tú gbogbo etí odò. Wọ́n dé ojú ọ̀nà Aláfárá náà. Màrìwò wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe so ó, wọ́n bá yí padà. Wọ́n ní Olúọdẹ kò lè kọjá òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọ̀sẹ̀ náà ti ń parí lọ nígbà tí Màmá Edith já wọ ilé Wàhábì. Mo gbé ẹja wá fún Fàtímọ̀, ìyàwó Wàhábì, lọ́jọ́ náà, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

"Wàhábì, ẹ̀mú tí Dádì Ayọ̀fẹ́ fi ń gé wáyà tàkúté kò sí nílé. Igbó ló lọ."

"Mọ̀mí, màrìwò wà níbẹ̀ o. A ti dé ibẹ̀."

"Mú mi lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnìkan, kí wọ́n lé èmi."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Wàhábì fọwọ́ kan màrìwò náà, ó yẹ ìdí kókó rẹ̀ wò, ó ní ìso ọwọ́ Olúọdẹ nìyí. Ẹni tó so kókó yìí kì í ṣe àwọn tó so ó lákọ̀ọ́kọ́. Olúọdẹ tú u, ó wọlé, ó sì fara balẹ̀ so ó padà lẹ́yìn ara rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà ráyè wọlé. Títí di òní, inú rẹ̀ ń bí mi nítorí ìyẹn. Kí ló dé tí kò já a dànù?

Àgbọ̀nrín náà la kọ́kọ́ rí, wáyà lọ́rùn, awọ lórí eegun. A kò rí ọmọ rẹ̀. Níwájú díẹ̀ la ti rí Olúọdẹ. Ó fẹ̀yìn ti igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú tàkúté irin ńlá tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ gbòǹgbò. Àwọn wáyà tó ti gé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó wọn jọ dáadáa. Ilẹ̀ tó wà níbi ọwọ́ rẹ̀ ti di kòtò.

Mo ní kí Màmá Edith má sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ọkọ rẹ̀ lójú, ó sì jókòó tì í.

"Innalillaahi," ni Wàhábì ń sọ. "Mọ̀mí, kì í ṣe tèmi. Wáyà nìkan ni mo ní." Ó wá ń sunkún bí ọmọdé, bí ẹni pé tirẹ̀ náà ni.

Dókítà tó wo òkú náà ní kì í ṣe ọjọ́ tó wọ igbó ló kú. Ó wà láàyè níbẹ̀, a sì jókòó ti fóònù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Edith wá sípàdé ẹgbẹ́. Gbogbo ilé dìde kí i. Wàhábì gbé tàkúté irin náà sórí tábìlì.

"Ta ló ni ín?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn níwòkuwò, ìjà ti ń bọ̀. Màmá Edith ló dá wọn dúró.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. N kò béèrè ẹni tó ni ín. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, èpè ni mo máa fi ìyókù ayé mi ṣẹ́, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àgbọ̀nrín yẹn, a ò rí òkú rẹ̀. Ó lè ṣì wà láàyè. Ẹ sọ fún mi: nínú yín, ta ló ṣì ní tàkúté nínú igbó?"

Bàbá arúgbó kan níwájú gbé ọwọ́ sókè, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ń lọ sókè kárí ilé, láìsí ariwo. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwa apẹja tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìkan ni ọwọ́ wa wà nílẹ̀.