Ìka Inú Àpò Bàbá Ṣadé

Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ohun tí ọkọ mi gbẹ́kẹ̀ lé. Láti ìgbà tó ti ń fi Pijó rẹ̀ kó èrò láàárín Paraku àti Ṣábẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ṣí iwájú ọkọ̀, á tú ìdérí dúdú tí àwọn wáyà iná ti jáde, á sì yọ nǹkan kékeré kan tó ń yí nínú rẹ̀. Dúwà ni àwọn mẹkaníìkì ń pè é, bí Faransé ṣe ń pe ìka ọwọ́. Ìka ni àwa náà ń pè é nílé. Òun ló ń pín iná káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, olè lè máa yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkọ mi á jù ú sápò, á wọlé, á wá béèrè oúnjẹ.

Àárọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Kó tó dá ìka padà, á kọ́kọ́ fọ pilatíní, irin kékeré méjì tó máa ń pàdé, tí wọ́n sì ń yà, kí iná lè ṣẹ́. Á ki páálí ìṣáná sáàárín wọn láti fi wọn àlàfo. Bí páálí náà bá kọjá láì há, á ní, "Ó ti ṣe." Mo ti gbọ́ "ó ti ṣe" yẹn ju àmín lọ nínú ilé yìí, àwa tí à ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé.

Wọ́n ní bí a bá ń dàgbà, à á yé ogun jà. Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá Ṣadé. Fọláṣadé ọmọ wa ló ń wa ọkọ̀ báyìí, òun ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n pilatíní àti ìka, bàbá rẹ̀ ò fi lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ ò rí àlàfo mọ́, ó sì ń gbàgbé. A ti bá ìka nínú agolo gaàrí rí. Mo bú u, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò tọkàn wá.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ilé ń yí mi lójú láàárọ̀, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀, Ṣadé yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ń fọ pilatíní, páálí ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Sémijàn, alùpùpù tó ń kó èrò, ló gbé mi láti àdúgbò wa ní Ladjifarani dé ópitáàlì níkẹyìn, Ṣadé dì mí mú lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ mi dé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti ara mi lọ.

Bí ara mi ṣe yá, Ṣadé ra ẹ̀rọ iná tuntun, elẹtirọníìkì, èyí tí kì í lo pilatíní rárá. A gbé ọkọ̀ lọ bá Zàkárí, mẹkaníìkì wa ní Zongo, pé kó fi sí i.

Ọkọ mi jókòó lórí àga gbọọrọ, ó ń wò. Zàkárí tú pilatíní, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

"Ṣé mi ò ní fọ nǹkan kan mọ́ láàárọ̀?" ni ọkọ mi bi í.

"Kò sí nǹkan kan láti fọ̀ mọ́, Papa. Kẹ́ ẹ ṣáà yí kọ́kọ́rọ́, ó tán."

Zàkárí rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun sọ. Ọkọ mi yọ páálí ìṣáná nínú àpò, ó wò ó, ó dá a padà. Ọkọ̀ yìí ló fi tọ́ ọmọ, òun ló fi kọ́lé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ò ní nílò rẹ̀ mọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Mo rí i lójú rẹ̀.

"Ìka ńkọ́?"

"Ìka ṣì wà, Papa. Láìsí ìka, iná ò níbi tó ń lọ."

"Dakọ́ọ̀, ó dáa," ló wí. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó dìde, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lódìkejì títì.

Mo sún mọ́ Zàkárí. "Bá mi wá ìka mìíràn. Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀." Ó wò mí, ó sì wá ọ̀kan fún mi. Mo so ó mọ́ ṣẹ́tí ìró mi.

Láti ìgbà náà, mo máa ń bi í láàárọ̀ pé, "Bàbá Ṣadé, ìka dà?" Á tú àpò ṣòkòtò, á tú ti ẹ̀wù, á yọ ọ́ jáde, á fi sí i fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tó máa wá a títí, tí Ṣadé á máa wo aago. Mo ti wò ó ṣe títí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe. Màá yọ́ jáde lọ fi tèmi sí i, màá padà wọlé, màá ní, "Ẹ ti fi sí i tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" Nírọ̀lẹ́, màá ti yọ ọ́ kó tó débẹ̀, màá tún ní òun ló yọ ọ́. Á wò mí, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi á dùn pé mo gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo tún sọ ọ́: "Ẹ ti fi sí i." Ó yọ ọwọ́ nínú àpò, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìka tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Òní kọ́ ni mo mọ̀," ó ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó o sọ bẹ́ẹ̀, mo rí i nínú ẹ̀wù mi lẹ́yìn tí Ṣadé ti gbé ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ kì í rìn láìsí ìka, Àbẹ̀ní."

Ojú tì mí. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ò ń sáré jáde, ò ń sáré wọlé nítorí mi. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún ọ."

Omi bọ́ lójú mi. Ó fi ìka náà sí mi lọ́wọ́, ó pa ọwọ́ mi dé.

"So ó mọ́ ìkejì. Ọ̀dọ̀ rẹ ló máa wà láti òní lọ. Ṣùgbọ́n máa bi mí láàárọ̀, bó o ti ń bi mí."

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Bàbá Ṣadé, ìka dà?"

Kò tú àpò kankan. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo tú ṣẹ́tí ìró mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi sí àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣadé dúró, èmi náà dúró, títí ó fi ní, "Ó ti ṣe."

"Àmín," ni mo wí.