Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ó Dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìyáàfin Phebe Àbẹ̀ní Ajíbádé, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, gbéra láti ilé rẹ̀ ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, lọ sí yunifásítì kan ní Iléṣà, kí ó lè jẹ́rìí fún ọmọ ọmọ rẹ̀, Wúrà. Bí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá dúró, òdo ni Wúrà yóò gbà nínú iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jáde fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro í yé ni. Ọ̀mọ̀wé Dúrósinmí, tí ó ń kọ́ Wúrà, kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ó sì ń dá ni lóhùn bí ènìyàn. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lò ó: kí wọ́n bá a jiyàn, kí wọ́n jẹ́ kí ó bi wọ́n léèrè títí ẹ̀kọ́ yóò fi yé wọn. Òfin kan ni ó fi lé e: ẹni tí ó bá lò ó, kí ó wí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kò gbà á láàyè rárá. Ní ìparí ọdún, ó máa ń rán olúkúlùkù lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan, láti gba ìtàn bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ìwé láyé àtijọ́, nítorí láti ẹnu àgbà ni ó ti fẹ́ gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá parí, àṣà rẹ̀ ni láti pe àwọn àgbà náà jọ sí gbọ̀ngàn, kí a ka ìtàn wọn sí wọn létí, kí olúkúlùkù wí pé, “Ọ̀rọ̀ mi ni,” kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba máàkì.

Wúrà yan ìyá bàbá rẹ̀. Ta ni ìbá tún yàn? Ọdún márùndínlógójì ni Phebe fi kọ́ ọmọ. Àwọn àgbà ọkùnrin tí ó kọ́ ní kékeré ṣì máa ń tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Bírò pupa ni ó fi ń ka ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí ó ń lọ, alùfáà sì ti gbà á bí àdánwò. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí ó kórìíra jù lọ ni kí ọmọ da ìwé ẹlòmíràn kọ.

Ìbéèrè mẹ́wàá ni Wúrà fi ránṣẹ́ sí i. Lókè wọn ni a kọ ọ́ sí pé kí àgbà má ṣe lo ẹ̀rọ. Phebe rí ìlà náà. Ó tilẹ̀ fi kọ́mà kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tò. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí síléètì, ọ̀rọ̀ a yà sí oko kòkó bàbá rẹ̀. Bí ó bá fà á padà, a tún yà sọ́dọ̀ tíṣà kan tí ó máa ń hanrun ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fa ìwé ya. Sikirat, ayálégbé rẹ̀ tí ó ń ta fóònù ní ìsàlẹ̀ ilé, ni ó bá a nínú ìpọ́njú yìí.

“Màámá Tíṣà, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù bí ó bá ṣe wá. Ẹ̀rọ yóò tò ó fún yín.”

“Ẹ̀rọ mọ àmì ohùn bí?”

“Ẹ dán an wò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ nà án.”

Phebe dán an wò. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí ọ̀rọ̀ rúdurùdu fi di ìwé tí ó tò bí eyín ọmọge. Ó mú bírò pupa, ó yẹ àmì ohùn wò lórí gbogbo sílébù, ó rí àṣìṣe méje, ó tún wọn ṣe, ó sì fún ẹ̀rọ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí akẹ́kọ̀ọ́ gidi lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Nígbà náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ sórí ìwé tuntun, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Wúrà. Kò wí pé ẹ̀rọ ni ó tò ó. Wúrà kò sì béèrè.

Àmì ohùn ni Phebe yẹ̀ wò. Òtítọ́ ni kò yẹ̀ wò. Ó ti sọ fún ẹ̀rọ pé òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àti pé nígbà ìsinmi, òun a máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní Òṣogbo. Ẹ̀rọ so méjèèjì pọ̀, ó kọ ọ́ pé: “Ní àràárọ̀, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.” Gbólóhùn náà gún régé, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀, gbogbo wọn wà ní àyè wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí. Wúrà, tí a bí tí a sì tọ́ ní Òṣogbo, níbi tí fèrè ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí ọmọdé, kò fura.

Ọ̀mọ̀wé Dúrósinmí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó sì ránṣẹ́ pe Wúrà.

“Ẹ̀rọ ni ó kọ èyí,” ni ó wí. “O gbé e fún màámá rẹ láti dà á kọ.”

“Rárá, sà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́. Màámá mi kì í da ìwé kọ.”

“Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n lò ó, kí wọ́n wá wí, ìwọ yóò tún ìtàn náà gbà lẹ́nu wọn, o ó sì yege. Bí ó bá jẹ́ ìwọ, o kò ní í jáde lọ́dún yìí.”

Bí Phebe ti gbọ́ èyí lórí fóònù, ó béèrè ọjọ́ tí a ó péjọ, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀. “Mo ń bọ̀,” ni ó wí. Nínú ọkọ̀ Iléṣà, ó to irọ́ kan títí ó fi jọ̀lọ̀: ogbó ni ó dé, òun ni òun ṣì í rántí.

Gbọ̀ngàn náà kún fún ayọ̀ nígbà tí ó wọlé. Àwọn àgbà jókòó níwájú nínú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi wọn. Ìyá kan tí a ń ka ìtàn rẹ̀ dìde lójijì, ó fi orin bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: “Èjì lọ́nà méjì, mẹ́rin.” Kí a tó mọ̀, gbogbo àwọn àgbà ti gbè é, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pàtẹ́wọ́. Orí èjì lọ́nà méjìlá ni wọ́n ti sinmi, nítorí èémí.

Nígbà tí ó kan ìtàn Wúrà, Ọ̀mọ̀wé kà á dé ibi ọkọ̀ ojú irin. Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Bàbá Cornelius Ọ̀nàọlápọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní Iléṣà, tí òun àti Phebe jọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà, na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

“Tíṣà Phebe, ẹ kú ìrìn-àjò. Ibùdó wo ni ẹ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, ti Ìbòkun ni? Ọdún mẹ́fà ni èmi fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, wọn kò sì bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Ẹsẹ̀ yín ni ó dọ̀tí jù, wọn kì bá tí jẹ́ kí ẹ wọlé,” ni Phebe fi dá a lóhùn, òun náà sì rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Ọ̀mọ̀wé tẹ orí ba níwájú rẹ̀. “Màámá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yín ni?”

“Ogbó ni, ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé.”

“Màámá, àgbà a máa gbàgbé ohun tí ó rí. Kì í rántí ohun tí kò sí.” Ó yí padà. “Wúrà, ó ku ìwọ.”

Wúrà dìde. Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ń wo ìyá bàbá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ó dá a lójú pé ìdáhùn tí ó tọ̀nà wà lẹ́nu àgbà yìí, pé díẹ̀ ni ó kù kí ó jáde. Irọ́ jíjọ̀lọ̀ náà sì korò lẹ́nu Phebe. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé.

“Jókòó, Wúrà. O kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo rí òfin, mo fi kọ́mà sí i, mo sì rú u. Ẹ̀rọ tò ó, mo dà á kọ, mo dákẹ́.”

Wúrà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ara Phebe fúyẹ́ bí ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu aago ìparí ẹ̀kọ́ fún.

“Ẹ dákun,” ni Bàbá Cornelius wí, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé, “etí mi kò gbọ́ dáadáa. Ta ni ẹ ní ó da ìwé kọ?”

“Ẹ ti gbọ́, Cornelius. Adùn rẹ̀ ni ẹ fẹ́ tún tọ́ wò.”

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó sì fi ohùn tí ó fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láti inú rẹ́jísítà, ketekete, wí pé:

“Phebe Àbẹ̀ní Ajíbádé.”