Ìka Onítáìsì

Ọkọ mi ò ní ìlà níka. Mi ò ṣàwàdà. Láti ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń lẹ táìsì, símẹ́ńtì ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán, ìka rẹ̀ ń dán bí ìdí àwo. Ìwé ọmọ onílùú tó sì ti ń wá láti ọdún méje ní ìlú àjèjì tí a ń gbé yìí, ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ìka lé ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ̀rọ ní òun ò rí èèyàn kankan. Akọ̀wé obìnrin tó wà nídìí ẹ̀ ní tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò bá gbà, wọ́n á ti fáìlì pa, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi tí wọ́n ti fún ní tèmi, mo gba ìjọba ilé. Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan símẹ́ńtì fún oṣù kan gbáko. Ìbọ̀wọ́ láàárọ̀, òróró lálẹ́. Mi ò jẹ́ kó fọ abọ́ pàápàá, ìyẹn sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo gbé àtàǹpàkò rẹ̀ síbi fèrèsé, mo rí ìlà tín-ín-rín. Inú mi dùn débi pé mo fẹnu kò ó.

Ọjọ́ pé. A ò tíì gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà ju méjì lọ tí ọkọ mi fi dúró. Táìsì kan ti ṣí níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó wà níwájú wa fẹsẹ̀ kọ ọ́, díẹ̀ ló kù kó fimú gbálẹ̀. Ni ọkọ mi bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

Mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní kó má sọ wá di ẹni tó ń wá ìfà tó rí òfò.

Ó ní, “Ìyàwó mi, ọwọ́ mi ló lẹ gbogbo ibí yìí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣubú níbí, èmi ló gbé e ṣubú.”

Mo mọ ọkọ mi. Tí mo bá wọ́ ọ wọlé, ìka á wà lórí ẹ̀rọ, ọkàn á wà lórí àtẹ̀gùn. Orí kunkun yìí náà ló jẹ́ kí n fẹ́ ẹ, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Mo ní kó káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo lọ gbé báàgì irinṣẹ́ àti símẹ́ńtì rẹ̀ nínú mọ́tò, èmi aránṣọ, mo ká ọwọ́ búláòsì funfun mi sókè, mo kúnlẹ̀, mo fi omi mímu mi po símẹ́ńtì. Ó ń darí mi látòkè: pò ó kó ki, tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má gbá a. Ó ní táìsì náà wọ́ díẹ̀. Mo ní tó bá tún sọ̀rọ̀, orí ẹ̀ ni màá lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà yẹn dúró ti táìsì náà, ó ń lé àwọn èèyàn gba ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n pè wá, akọ̀wé wo ọwọ́ mi tí símẹ́ńtì bò dé ìgbọ̀nwọ́, ó wo ti ọkọ mi tó mọ́ bíi ti ọmọ jòjòló, ó bi wá pé ta gan-an ni onítáìsì.

Mo ní, “Àwọn ni, mà. Ojúṣe ọmọ onílùú lèmi kàn ń ṣe.”

Ọkọ mi gbé ìka lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà rò ó, ó tún un rò. Iná àwọ̀ ewé tàn, ó tún tàn, títí ìka mẹ́wàá fi pé. Mo sunkún níṣojú gbogbo wọn, mo sì gbàgbé pé ọwọ́ símẹ́ńtì ni mo fi ń nu ojú.

Bá a ṣe ń jáde, ó dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn. Símẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú símẹ́ńtì etí táìsì náà. Gbogbo ìlà rẹ̀ hàn kedere.

Mo ti lanu láti bá a wí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dúró síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.